Ohun Tí Ó Lé Níbì Kan, Ó Dín Níbòmíràn



Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sọ́dọ̀ mi ní Ìbàfò. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọmọ náà wà. Ó ti fi owó ìdánwò rẹ̀ sínú ètò orí fóònù kan tí ó ní òun yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ètò náà ti kógbá wọlé. Ìyá fẹ́ kí n rúbọ kí owó lè padà. Mo fún ọmọ ní ìwé àti bírò, mo ní kí ó ṣírò 10,000 náírà tí ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù fún ọdún kan. Ó dé 40,960,000 náírà. Ó dákẹ́. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ìṣirò èlé, ṣùgbọ́n fún ìdánwò nìkan ni.

Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni MMM ti owó àwọn ènìyàn mọ́lé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ó kan CBEX. Àwọn tí ó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ti dàgbà tó láti kó sí ti èkejì.

Èdè wa kò ṣàìkìlọ̀. Mẹ́rìnlélógún: mẹ́rin lé ogún. Mẹ́rìndínlógún, iye ojú odù: mẹ́rin dín ogún. Lára "lé" ni a ti rí "èlé". Ẹni tí ó bá ṣèlérí èlé fún ọ láìsí iṣẹ́ tàbí ọjà kankan, bi í pé: àpò ta ni yóò dín?

Èsúsú àwọn baba wa kò fi èyí pamọ́. Iye kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ ń dá. Bí ó bá kàn ọ́, o kó o. Kò lé, kò dín. Aláàjọ pẹ̀lú ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé owó iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Àwọn kan yóò ní owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Fóònù tí a rà fún wọn ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọmọdé. Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ Ìbàfò: ẹ jẹ́ kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan dá èsúsú, kí àwọn ọmọ fúnra wọn máa kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, ẹ má gba ẹbọ owó ìlọ́po méjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ajé kì í gbé ilé ẹni tí kò mọ ìṣirò.