Efinrin Ẹ̀yìnkùlé àti Ehoro Ilé

Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ọ̀rọ̀ yìí bá efinrin ẹ̀yìnkùlé wa ní Idigny mu. Bí inú bá ń run ọmọ, a ó já a, a ó gún un, ọmọ á mu ún. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ ehoro ilé wa lẹ́nu, oògùn inú ọjà la máa ń sáré lọ rà.

Gbogbo ẹni tó ń sin ehoro ló mọ ìgbà tí ẹ̀rù máa ń bani jù. Bí ọmọ bá pé nǹkan bí ọjọ́ 30 sí 35, a ó já a lẹ́nu ọmú. Wàrà tó ń dáàbò bò ó tán, ikùn rẹ̀ kò sì tíì mọ oúnjẹ líle dunjú. Nígbà náà ni ilẹ̀ á mọ́, tí a ó bá òkú mẹ́ta mẹ́rin nínú àgò. Owó ilé-ìwé ọmọ ẹlòmíràn sì wà nínú àgò yẹn.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ehoro ni ó ń bá a da koríko. Bí ehoro bá gbé ampicillin, amoxicillin tàbí lincomycin mì, kòkòrò rere wọ̀nyí á kú, búburú á gba ipò wọn, ehoro fúnra rẹ̀ lè kú. Yàtọ̀ sí èyí, ìlòkulò oògùn apakòkòrò ń mú kí àrùn gbójú sí oògùn, títí kan àrùn ènìyàn. Ìdí nìyí tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi kà á léèwọ̀, láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2006, láti fi wọ́n sí oúnjẹ kí ẹran lè tètè dàgbà.

Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti túbọ̀ kọjú sí òróró olóòórùn inú ewé. Ooru omi ni a fi ń yọ ọ́. Òróró efinrin sábà máa ń ní thymol, èyí tó wà nínú thym àwọn Faransé. Òmíràn ní eugenol, bíi ti kànáfùrù. Àwọn méjèèjì ń pa kòkòrò àrùn. Nínú ìdánwò kan, ehoro dàgbà sí i. Nínú òmíràn, a kò rí ìyàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Òróró kì í ṣe ewé. Kílò ewé tútù kan kì í sábà mú ju gíráàmù díẹ̀ lọ wá. Bí a bá da òróró lásán sẹ́nu ehoro, yóò jó o. Efinrin kò sì lè rọ́pò àjẹsára: nígbà tí àrùn ẹ̀jẹ̀ dídà pa ehoro ní orílẹ̀-èdè wa ní 1995, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ṣe nílé níbí ni a fi kojú rẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ. Kí àgò mọ́, kí koríko gbígbẹ má wọ́n. Kí a pín ọmọ ìyá kan sí méjì: kí apá kan jẹ efinrin gbígbẹ díẹ̀ mọ́ oúnjẹ, kí èkejì má jẹ ẹ́. Kí a wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì gbé ìwé náà tọ àwọn onímọ̀ ètò ọ̀gbìn lọ ní yunifásítì tó wà ní Kétu. Bí efinrin bá ṣiṣẹ́, a ó mọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó mọ̀ pẹ̀lú.