Ta Ni Ó Ni Ọjọ́ Ìdìbò Ìbílẹ̀ Èkó?

Ẹ̀yin ará Èkó, bí onílé bá gba ọmọ ọ̀dọ̀ síṣẹ́, ǹjẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ náà ni yóò máa yan ọjọ́ tí a óò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ti ń ṣe ìdìbò ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ wa láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti padà dé.

Àwọn ìgbìmọ̀ tí ó gba iṣẹ́ ní 1999 parí sáà wọn ní 2002. Ìdìbò mìíràn kò wáyé títí di oṣù Kẹta 2004. Àwọn tí a yàn ní oṣù Kẹwàá 2011 parí tiwọn ní 2014. Ó di oṣù Keje 2017 kí a tó tún rí àpótí ìbò. Ní àárín ìgbà wọ̀nyí, àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ọwọ́ yàn ni ó jókòó sí àga tí ó jẹ́ ti àṣàyàn aráàlú. Wọ́n ń gba owó ọjà, wọ́n ń gba owó gáréèjì, wọn kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìbò kan ṣoṣo. Ìlú tí gbogbo àgbàlagbà rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, ti dìbò yan ìgbìmọ̀ ìlú ní 1950, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, ni a ṣe báyìí fún!

A kò ní í parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Láti 2017 ni ìdìbò ti ń wáyé ní ọdún 4 sí ọdún 4, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti là á mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé ìgbìmọ̀ àfọwọ́yàn lòdì sí òfin. Ó dára. Ṣùgbọ́n nínú òjò oṣù Keje, ní ohun tí ó lé ní ọdún 2 lẹ́yìn tí ariwo ìdìbò gómìnà ti rọlẹ̀, ta ni ó ń jáde? Òṣìṣẹ́ ìdìbò jókòó ti àpótí, àwọn ọ̀dọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì.

Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí a dìbò ìbílẹ̀ ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti gómìnà. Wọ́n ní ariwo gómìnà yóò bo ọ̀rọ̀ gọ́tà àti ọ̀rọ̀ ọjà mọ́lẹ̀. Kí ni ó kù tí a óò bò nínú ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tí ó wá gbọ́ ọ? Ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 23 nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni ó jáde láti yan máyọ̀ ní 2013. Ní 2015 ni wọ́n dìbò pé kí a gbé ìdìbò ìlú lọ sí ọdún ìdìbò gbogbogbòò. Nígbà tí wọ́n yan máyọ̀ àti gómìnà pọ̀ ní 2022, àwọn tí ó jáde ju 40 lọ nínú 100.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Kí ọdún lè bára mu, ọdún 5 ààbọ̀ ni wọ́n fún àwọn tí wọ́n yàn ní 2015 àti 2017. Ní Èkó, kí ẹnikẹ́ni má fi oṣù kan kún sáà alága kankan. Ojú wa ti rí tó. Kí sáà tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní 2029 jẹ́ ọdún 2 péré, kí ìdìbò méjèèjì sì pàdé ní 2031.

Àjọ 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń ṣètò ìdìbò wọ̀nyí, iṣẹ́ ńlá sì ni láti mú wọn fohùn ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ìka sí Àbújá lórí ọ̀rọ̀ sáà: ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ ní 2002 pé àwọn aṣòfin àpapọ̀ kò ní agbára láti yí sáà àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ padà. Ilé Aṣòfin Èkó ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí aṣojú yín bá tún wá tọrọ ìbò, kí ó kọ́kọ́ sọ ibi tí òun dúró sí.