Bí A Bá Ń Sunkún Bar Beach, Ká Máa Ríran

Lọ́dọọdún, bí Kérésì tàbí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, irú fọ́tò kan náà làwọn èèyàn máa ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọmọdé kan jókòó sórí ẹṣin, ìyá rẹ̀ dì í mú lẹ́sẹ̀, ìgbì òkun ń hó lẹ́yìn wọn. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan á kọ ọ́ pé ayé ìgbà yẹn dùn. Àwọn yòókù á ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bar Beach ni wọ́n ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a wà ní yunifásítì báyìí ò débẹ̀ rí. Inú àlíbọ́ọ̀mù àwọn òbí wa la ti mọ̀ ọ́n. A ti jogún àárò ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìbínú tó yẹ kó bá àárò náà rìn la ò jogún, ohun tí mo sì fẹ́ bá yín fà lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ibẹ̀ jẹ́. Bar Beach wà ní Victoria Island, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ahmadu Bello Way. Èèyàn lè wọ mólúè láti Muṣin, kó tún wọ ọkọ̀ míì ní CMS, kó sì dé etí òkun kí oòrùn tó mú. Ẹlẹ́ṣin wà níbẹ̀, ayàwòrán wà níbẹ̀, onísúyà wà níbẹ̀, alágbọn ń kiri, àwọn ìjọ aláṣọ funfun ń gbàdúrà lórí iyanrìn. Ọ̀gá báńkì àti ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì jọ ń ti ẹsẹ̀ bọ omi kan náà. Ní Èkó, níbi tí ohun gbogbo ti ní ti olówó àti ti mẹ̀kúnnù, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Etíkun yìí kan náà ni ìjọba ológun ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè lójú ayé lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ní 1971, nígbà tí wọ́n so Ishola Oyenusi mọ́ òpó níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá wòran. Ẹni tó bá ń sọ pé ayé ìgbà yẹn dùn, kó má gbàgbé ìyẹn. Nígbà tó yá, ìdọ̀tí gba ibẹ̀, àwọn ọmọ ìta ń gbowó tipátipá lọ́wọ́ àwọn tó wá ṣeré. Àwọn tó ń sọ pé ó dáa bí ibẹ̀ ṣe kógbá sílé, ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí nìyẹn, wọn ò sì parọ́. Ìdáhùn mi sí wọn ò gùn: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọjà tó bá dọ̀tí, gbígbá là á gbá a. Ibi tí jàǹdùkú bá wà, ọlọ́pàá là á rán lọ síbẹ̀. A kì í tìtorí pé ohun tí gbogbo ìlú ní dọ̀tí, ká wá gbé e fún ẹni tó lówó jù.

Wọ́n á tún ní òkun ló jẹ ibẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká béèrè ẹni tó kọ́ òkun ní jíjẹ. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ògiri òkúta sẹ́nu ọ̀nà tí òkun gbà wọ Èkó, kí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá lè máa wọlé. Iyanrìn etíkun wa, láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ni ìgbì máa ń gbé e. Ògiri yẹn dí i lọ́nà. Iyanrìn ń jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn. Bar Beach tó wà ní apá kejì ò rí tuntun gbà mọ́, ìgbì sì ń kó èyí tó ní lọ. Léraléra ni ìjọba ń da iyanrìn síbẹ̀, léraléra ni òkun ń gbé e lọ, títí omi fi ń ya wọ Ahmadu Bello Way. Ẹ má di ẹ̀bi ru Olókun. Èèyàn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé wọ́n mọ ògiri tuntun sójú òkun. Victoria Island nílò ààbò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: wọ́n wa iyanrìn láti inú òkun, wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀ tuntun tí wọ́n ṣètò pé yóò fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá níbùú lóròó, wọ́n pè é ní Eko Atlantic, ilé-iṣẹ́ aládàáni ló sì ń kọ́ ọ. Ní oṣù Kejì 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan wá ṣí i, Bill Clinton náà sì wà níkàlẹ̀. Dídáàbò bo ìlú ọ̀tọ̀, gbígba etíkun lọ́wọ́ ará ìlú ọ̀tọ̀. Wọ́n fi ìkíní bo èkejì mọ́lẹ̀, a sì pàtẹ́wọ́. Nínú gbogbo ilẹ̀ yẹn, ẹ wá fi Bar Beach mìíràn hàn mí, ibi tí ìyá kan láti Muṣin lè mú ọmọ rẹ̀ wá, tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé ta ló ń wá.

Ẹkún tiwa gan-an ní ojúsàájú. Ní oṣù Kẹjọ 2012, òkun ya wọ Kuramo, ó gbé àwọn èèyàn lọ. Lẹ́yìn náà ìjọba lé àwọn tó ṣẹ́kù, wọ́n wó àwọn ilé pákó wọn. Ní oṣù Kìíní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò ní Tarkwa Bay. Ẹkún ta la gbọ́? Nígbà tí wọ́n wá wó Landmark Beach ní 2024 nítorí títì tí yóò lọ láti Èkó dé Calabar, ìgbà náà la mọ̀ pé etíkun ń tán lọ. Èmi náà káàánú àwọn tó pàdánù okòwò wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Landmark ní géètì, owó la sì ń san wọlé. Lójú ọ̀pọ̀ ará Èkó, etíkun yẹn ti kógbá sílé tipẹ́ kí katakata tó dé.

Kò pọn dandan kó rí báyìí. Ní ilẹ̀ Brazil, òfin kan wà láti 1988 tó sọ pé ohun àjùmọ̀ní ni gbogbo etíkun, ẹnikẹ́ni ló sì lè dé ibẹ̀ àti ojú òkun láìsí ìdíwọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdọọdún, ogunlọ́gọ̀ lè pé jọ sí Rio Vermelho ní Salvador, kí wọ́n gbé òdòdó àti lọ́fínńdà fún Yemọja láìsanwó géètì. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò létíkun tiwa ló gbé Yemọja débẹ̀. Àtọmọdọ́mọ wọn ní ẹ̀tọ́ sí òkun lọ́hùn-ún. Àwa tá a kù nílé ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ta ni yóò máa gbá a, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? Ẹ gbowó lórí àga. Ẹ gbowó lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí, lórí ẹṣin, lórí oúnjẹ. Ẹ má gbowó lórí iyanrìn. Ohun tó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ò ju òfin kan lọ: kí ẹnikẹ́ni tó bá gba àṣẹ láti kọ́lé sí etí òkun, tàbí láti bu iyanrìn dí i, fi ojú ọ̀nà àti apá kan etíkun náà sílẹ̀ fún ará ìlú, lọ́fẹ̀ẹ́, títí láé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ìmọ̀ òfin àti ètò ìlú, ẹ bá wa kọ àbá òfin náà. Iṣẹ́ yín ni. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ wà ní Alausa, ní báńkì, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, fọ́tò yín la ń wò. Ẹ ti gun ẹṣin yẹn rí. Kí ni ẹ ti ṣe kí ọmọ ẹlòmíì náà lè gùn ún? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, ẹ jọ̀ọ́, ní Kérésì tó ń bọ̀, ẹ má kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò mọ́ pé ayé ìgbà yẹn dùn. Ẹ kọ ọ́ pé a wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà á lọ.