Ọrọ̀ Ń Bẹ Nínú Amọ̀, Ṣùgbọ́n Kí Odò Má Bàjẹ́

A kì í gbé inú odò kí ọṣẹ máa hó síni lójú. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ alumíníọ̀mù Ikot Abasi ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom lọ́dún 1997, alumina tó ń ti òkè òkun wá ni wọ́n ṣètò pé kó máa lò. Bẹ́ẹ̀, nínú ojúlówó amọ̀ funfun, irú èyí tó pọ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà, alumina fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 nínú 100.

Wọ́n á kọ́kọ́ sun amọ̀ náà nínú iná tó tó nǹkan bí 700 sẹ́ńtígíréèdì, kí ásíìdì lè ríbi wọ̀ ọ́. Wọ́n á wá fi ásíìdì sè é. Alumina á yọ́, èyí tó dà bí iyanrìn á ṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ irú ásíìdì tó wà nínú bátìrì ọkọ̀ ni wọ́n lò, álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú omi ẹ̀rọ mọ́ ni wọn yóò rí.

Òótọ́ ni pé òkúta bauxite ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, torí pé ìnáwó rẹ̀ kéré ju ti amọ̀ lọ. Nítorí náà, álọ́ọ̀mù ni kí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀, kí àwọn iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ sì jẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí ásíìdì bá ṣàn wọ odò, ẹja á kú, oko á bàjẹ́. Kí ìjọba tó fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ, kí wọ́n bi í léèrè ibi tí yóò da ìdọ̀tí sí. Kò yẹ kí amọ̀ di owó fún àlejò, kó sì di májèlé fún onílé.