Orúkọ Wo Ni Ó Yẹ Irin Tí Ó Wà Láàrin Ẹrù àti Èrò Ọkọ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sórí ọmọ ènìyàn nìkan. Ó kan gbogbo ohun tuntun tí ó ń ti òkèèrè wọlé, tí ó sì ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ olùkọ́, olùtumọ̀ àti onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni irin tí wọ́n jó pọ̀ bí asẹ́ ńlá, tí wọ́n sì ń fi bóòtù dè mọ́ inú ọkọ̀ jíìpù, láàrin ẹ̀yìn ìjókòó àti ibi tí ẹrù wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹrù má baà ya lu àwọn tí ó jókòó níwájú nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Ohun èlò yìí wọ́pọ̀ ní Ọsirélíà àti Níú Sílándì, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń fi jíìpù kó ẹrù rin ọ̀nà jíjìn. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ní ìlànà kan náà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ AS/NZS 4034. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ẹrù àti ènìyàn ti ń bá ara wọn jókòó nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́, ó yẹ kí ohun èlò náà ní orúkọ tí kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Iṣẹ́ ohun náà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yéni. Láti ọdún 1687 ni Newton ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé ohun tí ó bá wà lórí ìrìn kì í ṣíwọ́ ìrìn fúnra rẹ̀, àfi bí agbára kan láti ìta bá dá a dúró. Bí ọkọ̀ tí ó ń sá eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọlu igi, ọkọ̀ ni igi dá dúró. Igi kò fọwọ́ kan ẹrù tí ó wà lẹ́yìn. Ẹrù náà ṣì ń bá eré tirẹ̀ lọ, nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, títí yóò fi pàdé ohun tí yóò dá òun náà dúró. Bí ọkọ̀ bá dúró láàrin ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, agbára tí yóò dá ẹrù dúró pẹ̀lú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 14 ìwọ̀n ẹrù náà. Àpò sìmẹ́ńtì kan tí ó wọn kìlógíráàmù 50 yóò wá máa ti ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé ó wọn kìlógíráàmù 700.

Àwọn kan gbà pé ẹ̀yìn ìjókòó tó láti dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró. Ìlànà kẹtàdínlógún ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìjókòó ọkọ̀ fi hàn ibi tí ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn mọ. Àpótí méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kìlógíráàmù 18, ni wọ́n fi ń dán ẹ̀yìn ìjókòó wò ní eré bíi kìlómítà 50. Àpò sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo ti wúwo ju àpótí méjèèjì lọ. Àwọn mìíràn a sì máa sọ pé ẹrù tí ó bá wúwo kò ní yẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e sí. Òtítọ́ ni èyí nígbà tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwúwo kan náà tí ó mú kí ẹrù ṣòro láti gbé kúrò nílẹ̀ ni ó mú kí ó ṣòro láti dá dúró nígbà tí ó bá wà lórí eré.

Orúkọ tí ó lè kọ́kọ́ sọ sí olùtumọ̀ lọ́kàn ni ìdènà ẹrù. Orúkọ yìí kò dára tó. Ìtumọ̀ tí ìdènà ní nínú ìdènà àrùn ni pé kí àrùn má ṣẹlẹ̀ rárá. Bí a bá sì gbọ́ ìdènà lójú ọ̀nà, ibi tí ọlọ́pàá tàbí aṣọ́bodè ti ń dá ọkọ̀ dúró ni ọkàn ń lọ sí. Ẹni tí ó bá ka ìdènà ẹrù nínú ìwé ìlò ọkọ̀ lè rò pé ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù ni. Ààbò ẹrù tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé àpólà orúkọ náà pọ́nna. Ìtumọ̀ rẹ̀ tí ó yá jù ni pé ẹrù ni wọ́n ń dáàbò bò, bẹ́ẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ń dáàbò bò lọ́wọ́ ẹrù.

Àwọn mìíràn lè pè é ní àwọ̀n, nítorí ojú ihò tí ó wà lára rẹ̀. Ewu wà nínú èyí. Àwọ̀n gidi wà tí wọ́n fi okùn hun, tí wọ́n ń ta bo ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́ nínú búútù kí ó má baà fọ́n káàkiri. Bí orúkọ kan náà bá jẹ́ ti okùn àti ti irin, ẹni tí ó ra èyí tí owó rẹ̀ kéré yóò gbà pé òun ti ra ààbò. Ìrísí ohun méjèèjì jọra, iṣẹ́ wọn kò jọra. Níbi tí ẹ̀mí bá wà nínú ọ̀rọ̀, iṣẹ́ ni ó yẹ kí orúkọ tẹ̀lé.

Ọ̀nà kan wà tí èdè Yorùbá mọ̀ dáadáa, èyíinì ni kí a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti ara àpólà ìṣe, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú amúnáwá àti amúlétutù. Nípa ọ̀nà yìí, adẹ́rùdúró rọrùn láti ṣẹ̀dá, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe ìlérí tí irin náà kò lè mú ṣẹ. Irin náà kì í mú ẹrù dúró sí ojú kan. Ẹrù tí wọn kò bá dì yóò máa yí gbirigbiri lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ tí àwọn Yorùbá fún rédíò. Orúkọ náà sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, ó sì sọ ohun tí kò lè ṣe. Irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ ni adẹ́rùdúró kò ní.

Orúkọ tí ó yẹ ni ògiri ààbò èrò. Ògiri jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọdé mọ̀. Èrò, tí í ṣe ẹ̀yán rẹ̀ níhìn-ín, fi hàn kedere ẹni tí ààbò wà fún. Kò sì sí ẹni tí yóò ṣi èyí gbọ́ sí èrò ọkàn nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bá wà nílẹ̀. Ìlànà Ọsirélíà náà kò ṣe ohun mìíràn, nítorí pé ààbò àwọn tí ó jókòó nínú ọkọ̀ wà nínú àkọlé rẹ̀ gan-an.

Àǹfààní ògiri kò pin síbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń mú ìmọ̀ tí ó yẹ dání. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ògiri tí kò ní ìpìlẹ̀ yóò wó. Ìpìlẹ̀ ògiri yìí ni ibi tí bóòtù rẹ̀ wọ̀. Irin líle tí ó gbé ara ọkọ̀ ró, níbi tí ẹni tí ó ṣe é là sílẹ̀, ni ó gbọ́dọ̀ wọ̀, kì í ṣe ike tí wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ inú ọkọ̀. Kò sì gbọdọ̀ dí ọ̀nà àpò afẹ́fẹ́ tí ó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé, tàbí kí ó ba ibi tí wọ́n ń de ìjókòó ọmọdé mọ́ jẹ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ó ga dé ìtòsí òrùlé, kí ẹrù má lè gba òkè rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá ká ìjókòó ẹ̀yìn nítorí ẹrù, ògiri náà gbọ́dọ̀ sún sí ẹ̀yìn ìjókòó iwájú. Gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ògiri kì í so ẹran mọ́lẹ̀. Okùn ni í so ẹran. Ẹni tí ó gbọ́ ògiri kò ní gbàgbé okùn tí ó fi ń di ẹrù, yóò sì rántí pé ẹrù tí ó wúwo jù ni ó yẹ kí ó wà nísàlẹ̀, kí ó sì fara ti ògiri.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, kí wọ́n sì pè é ní báríà. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe èèwọ̀. Bóòtù, búútù àti jíìpù ti di ọmọ ilé, ìwà òmùgọ̀ ni yóò sì jẹ́ láti lé wọn jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ni àwọn wọ̀nyẹn ti wọ inú èdè, lẹ́nu àwọn tí ó ń fọwọ́ kàn wọ́n. Báríà kò tíì ní ilé kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ́ ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ohunkóhun. Jíìpù pàápàá fi ẹ̀kọ́ kan hàn. Ọkọ̀ gíga gbogbo ni àwọn ènìyàn ń fi pè, yálà ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàbí méjì péré. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìlò ọkọ̀, ó yẹ kí olùtumọ̀ kọ ọ́ ní kíkún pé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò sọ nǹkan kan, nítorí pé ẹsẹ̀ mẹ́rin náà ni ọkọ̀ kékeré ní.

Láti ọdún 1970, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú ètò ẹlẹ́ọ̀dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, títí dé ọdún 1984 àti 1990 tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá apá kìíní àti apá kejì jáde, kíláàsì ni wọ́n ń wò jù nígbà tí wọ́n bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ohun tí ó kù ni kí ọ̀rọ̀-ìperí wọ gáréèjì. Kí olùkọ́ mú ògiri ààbò èrò lọ bá mẹkáníìkì àti awakọ̀, kí ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé ohun náà ń ṣe. Bí ìdáhùn wọn bá bá iṣẹ́ irin náà mu, kí wọ́n gba orúkọ náà wọlé. Bí kò bá bá a mu, kí wọ́n wá òmíràn, nítorí pé ẹni tí ó jókòó níwájú ẹrù ni àṣìṣe náà yóò bà.