Orúkọ Gánà: Kí Ni A Jogún Nínú Rẹ̀?

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nínú kíláàsì kan ní ìlú Accra níhìn-ín. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ náà pé Gánà àtijọ́ ni bàbá tí ó bí Gánà òde òní. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Tíṣà, bí ó bá jẹ́ bàbá wa, kí ló dé tí àwókù ìlú rẹ̀ fi wà ní Mòrìtáníà?" Mo ní kí ó jókòó, kí ó sì kọ ohun tí ó wà lójú pátákó. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lára mi.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé náà. Ìjọba tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Gánà ni àwọn Soninke tí wọ́n ni ín ń pè ní Wagadu. Oyè ọba wọn ni Gánà, gẹ́gẹ́ bí Aláàfin ti jẹ́ oyè ní Ọ̀yọ́. Ìtàn ẹnu wọn sọ pé ìdílé Cissé ni ó ń jọba. Ipò tí wọ́n wà ni ó gbé wọn ga: wúrà ń ti gúúsù bọ̀, iyọ̀ ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni méjèèjì sì ti ń pàdé. Al-Bakri, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Sípéènì, kọ ọ́ ní ọdún 1068 pé ọba a máa gba dínárì wúrà kan lórí ẹrù iyọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé, a sì máa gba méjì lórí èyí tí ó bá jáde. Ègé wúrà ńlá jẹ́ ti ọba, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ jẹ́ ti ará ìlú, kí wúrà má baà pọ̀ lọ́jà títí yóò fi di ohun yẹpẹrẹ. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kẹtàlá, agbára bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn Soso borí wọn, lẹ́yìn náà Sundiata Keita kó ilẹ̀ wọn sábẹ́ ìjọba Málì.

Ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí Accra ju 1,000 kìlómítà lọ. J. B. Danquah ni ó tẹnu mọ́ ọn pé láti ibẹ̀ ni àwọn Akan ti ṣí wá, a sì fi orúkọ náà sọ orílẹ̀-èdè tuntun ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957. Àwọn onímọ̀ ìtàn òde òní kò rí ẹ̀rí tí ó fìdí ìṣílọ náà múlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Gánà nìkan. Dàhòmì di Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1975, bẹ́ẹ̀ ààfin Ọba Bìní wà ní Nàìjíríà. Èmi ọmọ Yorùbá kò sì lè fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwa náà ni a ń wí pé láti Mẹ́kà ni Lámúrúdu ti wá.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá wí báyìí fún ọmọdé, orí rẹ̀ kò ní wú mọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi mọ ọjọ́ tí ó bá mi. Kò sí àbùkù nínú orúkọ tí a yá. Àbùkù wà nínú olùkọ́ tí ó pe ohun tí a yá ní ogún bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ogún kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò lè fún ni. Al-Bakri sọ pé ìlú àwọn Mùsùlùmí wà nítòsí ìlú ọba, mọ́ṣáláṣí 12 sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀ ni ọba ń ṣe, síbẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ni ògbufọ̀ rẹ̀, olùtọ́jú ìṣúra rẹ̀ àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìjòyè rẹ̀. Àwa ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Àwọn Yorùbá tí wọ́n bímọ tí wọ́n kọ́lé níhìn-ín fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà fún àwọn ará Gánà ní ọ̀sẹ̀ méjì. Orúkọ wọn sì wà lára àpò ẹrù títí di òní. Bí a bá kọ́ ọmọ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di onílẹ̀, irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni yóò pa nígbà tí ó bá dàgbà.

Ẹ̀yin ará Tógò, ará Bẹ̀nẹ̀, ará Nàìjíríà àti ará Gánà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ yìí, kíláàsì ń dúró dè wá. Bí mo bá tún rí ọmọbìnrin náà, ohun tí n ó wí fún un nìyí: "Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára. A kò rí ẹ̀rí pé àwọn ni ó bí wa. A yá orúkọ wọn nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn wù wá. Ó kù sọ́wọ́ wa kí a hùwà tí yóò yẹ orúkọ náà."