Ẹ Bi Wọ́n Pé: "Nínú Mélòó?"



Lórí ọ̀rọ̀ owó, kò rọrùn láti fi ìṣirò tan àwa òṣìṣẹ́ jẹ. Bí àwọn ọ̀gá bá wá sí ìjókòó ìdúnàádúrà, tí wọ́n ní àwọn ti fi ìdá 50 nínú 100 kún owó wa, ohun tí a ó kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: "Owó wo? Èló ni tẹ́lẹ̀?" Bí ó bá jẹ́ owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n fi kún, tí wọn kò fọwọ́ kan owó oṣù gan-an, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì ní kí wọ́n padà lọ ṣe ìṣirò náà dáadáa.

Ó wá ya wá lẹ́nu pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọgbọ́n yìí a máa fi wá sílẹ̀. Ẹnì kan á gbé iye kan jáde ní gáréèjì tàbí níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán, a ó sì gbé e mì láì rún un.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ tí ń mójú tó oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn gba abẹ́rẹ́ AstraZeneca tí ń dènà Kòfíìdì, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 79 dì lọ́nà tó ṣàjèjì, 19 nínú wọn sì kú. Òótọ́ ni. Àwọn kan gbé 19 yìí kiri ayé. Ohun tí wọn kò gbé kiri ni pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gún nígbà náà lé ní 20 mílíọ̀nù. Èyí já sí bí ẹni kan tó kú nínú mílíọ̀nù kan.

Àwọn mìíràn sì wà ní òdì kejì, tí wọ́n ń pariwo pé kò sí ewu kankan rárá. Àwọn náà kò sọ òótọ́. Ewu wà, ṣùgbọ́n ó kéré, kò sì rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Nítorí pé Kòfíìdì kì í sábà pa àwọn ọ̀dọ́, ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n fún àwọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ní irú abẹ́rẹ́ mìíràn. Bí ó ṣe yẹ kí a lo iye nìyẹn: kí a fi ewu abẹ́rẹ́ sí orí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú ewu àrùn.

Ẹ̀tàn kejì ni èyí tó ní: "Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ló ń ṣàìsàn jù." Ká fi iléeṣẹ́ kan ṣe àkàwé. Òṣìṣẹ́ 1,000 ló wà níbẹ̀. 900 gba abẹ́rẹ́, 100 kò gbà. Àrùn dé. Ó mú 18 nínú àwọn tó gbà, ó mú 10 nínú àwọn tí kò gbà. Ẹlẹ́nu wẹ́ẹ́wẹ́ yóò pariwo pé 18 ju 10 lọ. Ṣùgbọ́n 18 nínú 900, ẹni 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni. 10 nínú 100, ẹni 10 ni. Ewu ẹni tí kò gbà jẹ́ ìlọ́po márùn-ún. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbọ́ ná: ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ìjàǹbá ọkọ̀ ń ṣe ló wọ bàtà. Ṣé bàtà ló wá fa ìjàǹbá?

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ni à ń pa á. Bí a bá pààrọ̀ táyà láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì dákú lálẹ́, mẹkáníìkì gidi kò ní dá táyà lẹ́bi kí ó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1998, dókítà Andrew Wakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ọmọ 12 péré, ìbẹ̀rù sì gba ayé pé abẹ́rẹ́ MMR tí ń dènà èéyi ló ń fa autism. Ní ọdún 2002, àwọn oníṣègùn Dẹ́ńmáàkì gbé àbájáde tiwọn kalẹ̀. Ọmọ 537,303 ni wọ́n yẹ̀ wò, àwọn tó gbà àti àwọn tí kò gbà. Autism kò pọ̀ lára àwọn tó gbà ju àwọn tí kò gbà lọ. Ní ọdún 2010, ìwé ìròyìn tó tẹ ọ̀rọ̀ Wakefield jáde fagi lé e, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà.

Ẹ má rò pé a ń fi àwọn tí ń bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbẹ̀rù ní ìdí. Ní Kánò lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń jà, iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ bí 200 ni, 11 sì kú. Nínú wọn, 5 lo oògùn tuntun, 6 lo oògùn tí àwọn dókítà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Iye yìí nìkan kò tó láti dá oògùn náà lẹ́bi. Ohun tó dun àwọn òbí ni pé wọ́n ní kò sí ẹni tó là á yé wọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ tàn, títí iléeṣẹ́ náà fi gbà ní ọdún 2009 láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là.

Ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná tí Kánò fi dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní ọdún 2003, nítorí àhesọ pé ó ń sọ ọmọ di àgàn. Bí ọdún kan kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ padà. Àrùn náà rìn láti àríwá Nàìjíríà títí dé Indonéṣíà. Kì í ṣe àwọn tó jiyàn ni ẹsẹ̀ wọn rọ, àwọn ọmọdé ni. Ọdún 2020 ni a tó kéde pé irú àrùn náà ti àdánidá ti kúrò ní Áfíríkà.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ka wa yóò máa béèrè nìyí, bí wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ wá síbi iṣẹ́: kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí a gbọ́, kí wọ́n tó na apá ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sọ àǹfààní àti ewu rẹ̀ pẹ̀lú iye tó pé, kí wọ́n má gé owó ẹni tí ibà bá mú lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì tọ́jú ẹni tó bá fara gbá.

Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí a máa bi ẹnikẹ́ni tó bá gbé iye wá, ìbáà ṣe ọ̀gá, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́: Nínú mélòó? Ta ni a fi wé? Ta ló kà á? Ẹ̀yin awakọ̀ ló mọ̀ ọ́n jù: abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.